Ìbọn ẹlẹ́nu méjì bàbá mi: kí ni iṣẹ́ tírígà méjì, kí sì ni 65 tí wọ́n lù sí abẹ́ ọ̀pá rẹ̀?

Ọmọ Ọdẹ Òmù-Àrán · ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75, ní ìbọn ìṣọdẹ ẹlẹ́nu méjì kan, irú èyí tí ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì sùn ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìbejì lórí ẹní. Orúkọ wọn ni ó wà lórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Ojú wọn kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní kí n máa jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń nù ún, kí n lè mọ ìtọ́jú rẹ̀. Lánàá ni a tú u sí mẹ́ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ọ̀pá lọ́tọ̀, igi kékeré abẹ́ ọ̀pá lọ́tọ̀, ìdí ìbọn pẹ̀lú àwọn irin inú rẹ̀ lọ́tọ̀. Níbẹ̀ ni ìbéèrè ti gba ọkàn mi.

Tírígà méjì ni ó ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti rí ìbọn ẹlẹ́nu méjì mìíràn tí tírígà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Mo bi bàbá léèrè ìdí rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ. Wọ́n ní, “Ọ̀tún ń fọ́n, òsì ń ṣù,” wọ́n sì ń jẹ obì wọn lọ. Igi ìdí rẹ̀ tún tọ́ gbọnrangandan, kò ní ibi ìdìmú tó tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti àwọn ìbọn tí a ń rí lọ́wọ́ àwọn agbófinró. Nígbà tí a sì dojú ọ̀pá náà dé, mo rí àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n lù sí abẹ́ rẹ̀, nítòsí ibi tí kátíríìjì ń wọ̀: adé kan lórí àmì tó rí bí ẹyin tí lẹ́tà ELG wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà 12 àti 65.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Èkó ní kí a wá ẹni tí yóò rà á, kí a fi owó rẹ̀ kún owó èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gun ara wọn lórí, nítorí pé ti bàbá ti di ohun àtijọ́. Kí n tó dá wọn lóhùn ni mo ṣe wá síbí. Ohun kan tún kù tí n kò fẹ́ gbàgbé: páálí kátíríìjì kan tí èmi àti bàbá jọ lọ rà ní Ìlọrin, 70 mm ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti ẹyọ kan bọ ìbọn náà, ó wọlé dáadáa, ìbọn sì padé. A kò tíì yìn ín.

Atúnbọnṣe Ìlọrin · ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Ẹ má yìn ín. Ẹ kó páálí 70 náà kúrò lẹ́bàá ìbọn yẹn, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ bàbá kò ti ní ṣèèṣì kàn án lóru, nígbà tí wọ́n bá ń wá ti wọn. Ìbéèrè yòókù lè dúró di ọ̀la, ṣùgbọ́n èyí kò lè dúró.

Àmì tó rí bí ẹyin tí ELG wà nínú rẹ̀ yẹn jẹ́ àmì ilé ìdánwò ìbọn ìlú Liège, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Kì í ṣe orúkọ ẹni tó rọ ìbọn náà. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti fi ẹ̀tù tó le ju ti ojoojúmọ́ lọ yìn ín wò, kò sì fọ́. 12 ni ìwọ̀n ihò ọ̀pá. 65 ni gígùn ilé tí wọ́n gbẹ́ fún kátíríìjì, ní mìlímítà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé gígùn tí wọ́n ń kọ sára kátíríìjì kì í ṣe gígùn tó ní nígbà tí a rà á. Gígùn rẹ̀ ni lẹ́yìn tí a bá yìn ín tán, nígbà tí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ sínú bá ti là sílẹ̀. Nítorí náà, kátíríìjì 70 tí a kò tíì yìn kúrú ju 65 mm lọ, yóò wọlé láìjanpata, ìbọn yóò sì padé bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìgbà tí iná bá mú ẹ̀tù ni ẹnu rẹ̀ yóò fẹ́ là, kò ní rí àyè, yóò ti ara rẹ̀ bọ ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún, yóò sì há ọ̀nà mọ́ ọta. Agbára tó yẹ kó gba iwájú jáde yóò wá máa wú sẹ́yìn, síhà ojú àti ọwọ́ ẹni tó yìn ín.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń fọ́ ìbọn. Èyí gan-an ni ó burú níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti yin márùn-ún tàbí mẹ́wàá láìrí ewu yóò sọ pé àwa atúnbọnṣe ń wá owó ni. Ṣùgbọ́n oríkèé ìbọn náà ń tú díẹ̀díẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tí yóò jẹ́ ọjọ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbẹ́ ilé kátíríìjì náà gùn sí i lẹ́yìn tó kúrò ní Liège, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú lásán kò lè sọ. Kí ẹ̀yin àti bàbá jọ gbé e wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀, kí n fi irin ìwọ̀n wò ó.

Àgbà Ọdẹ Ìgbájà · ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Bàbá rẹ ti dá ọ lóhùn tán, ìwọ ni o kò gbọ́.

Ọ̀tún ń fọ́n, òsì ń ṣù: ẹnu ọ̀pá ọ̀tún ṣí, tàbí kí ó fún díẹ̀ péré; ẹnu ọ̀pá òsì fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí ojú lè rí, nítorí pé fífún tó pọ̀ jù lọ kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ, ní ìwọ̀nba ìka díẹ̀ sí ẹnu ìbọn. Síbẹ̀ òun ni ó ń pinnu bóyá ọta yóò fọ́n bí ìgbà tí obìnrin da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ, tàbí yóò rìn pọ̀ bí agbo oyin. Tírígà iwájú ni ti ọ̀tún, tírígà ẹ̀yìn ni ti òsì.

Inú oko ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí a bá ti dáná sun igbó, tí ajá wọ inú ìṣẹ́kù koríko, ọ̀yà yóò fò jáde ní ìṣísẹ̀ 15 sí ọ, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi òsì yìn ín níbẹ̀, bí o bá tilẹ̀ bà á, òjé ni ìyàwó rẹ yóò máa ṣà nínú ọbẹ̀. Ọ̀tún ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n awó tó gbéra ní etí oko iṣu, kí o tó gbé ìdí ìbọn kan èjìká, ó ti di mítà 25. O fi ọ̀tún dán an wò, kò bà á. Ó ti ń lọ sí 35. Òsì ni ó kù, òsì náà sì ni ó yẹ ibi tó dé. Ẹran tó ń sá ń jìnnà sí i, ẹnu ìbọn kejì sì fún sí i. Àwọn tó rọ ìbọn náà mọ ohun tí ẹran ń ṣe.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìgalà dúró lókèèrè, tí kò tíì rí ọ, o kò ní láti kọ́kọ́ fi ọ̀tún ṣòfò. Ìka rẹ á lọ sí tírígà ẹ̀yìn tààrà. Kò sí bọ́tìnnì tí o fẹ́ wá, kò sí ohun tí o fẹ́ yí. Èyí ni ìdí tí igi rẹ̀ fi tọ́. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè yọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí ìka tó bá tírígà kejì, bí ìdìmú bá sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrùn ìgò, ọwọ́ yóò há síbẹ̀. Àwọn kan ń rọ ìdìmú títẹ̀ mọ́ tírígà méjì, mo mọ̀. Mo ti lo irú rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀fà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Mo júbà àgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó díẹ̀. Ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ gun ara wọn lórí kì í ṣe àṣà òde lásán. Bí o bá wo orí rẹ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo ni ojú rẹ ń rí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fi ọ̀nà hàn ọ́. Ìbọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń fẹ̀ níwájú ojú bí pẹpẹ. Bí o bá yin ọ̀pá ìsàlẹ̀, ìbọn ń ti èjìká rẹ sẹ́yìn gbọọrọ, kì í fẹ́ yí sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni John Moses Browning ti Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìdajì ìbọn ayé, irú èyí wà lára iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ kó tó kú ní ọdún 1926, Liège náà ni ó sì kú sí, ìlú tí ìbọn bàbá rẹ ti wá. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní ọdún 1931. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń fi ìbọn dá àwo amọ̀ tí wọ́n jù sókè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ti ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

Ní ti tírígà, ẹyọ kan tó. Ìka tó ń sáré láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn nínú òtútù ọyẹ́ lè ṣi ibi tó ń lọ.

Ìyá Àdùkẹ́, Ìsánlú-Ìsin · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:31 àárọ̀

Àbúrò mi Ọ̀fà, ohun tí ẹ sọ nípa ojú ọ̀nà ọ̀pá kan ṣoṣo, òótọ́ ni, n kò ní jà á níyàn. Àwo amọ̀ sì ni ẹ sọ, ẹ kò sọ ọ̀yà. Àwo amọ̀ ń gba ibi tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ jáde, ẹ sì ti gbé ìbọn dání dè é.

Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, èmi ni mo sì máa ń di àtùpà kábáyìdì mú fún wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí náà ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́ lójú mi pọ̀. Ìbọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í là púpọ̀ kí kátíríìjì tó wọ̀ ọ́, nítorí pé ojú kan náà ni ihò méjèèjì wà. Ti alágùn-ún-lórí gbọ́dọ̀ là títí kí ihò ìsàlẹ̀ tó yọ. Lórí pápá, kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ jókòó sórí àgọ́ igi, kí ẹsẹ̀ yín há sáàárín ẹ̀ka, ẹ óò mọ iyì rẹ̀.

Ní ti tírígà ẹyọ kan, ẹ bi ara yín léèrè bí ó ṣe ń mọ̀ pé ọ̀pá kejì ló kàn. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, títì tí ìbọn ń ti èjìká sẹ́yìn ni ó ń gbé iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Bí kátíríìjì àkọ́kọ́ bá kọ̀ tí kò dún, ìtì kò sí, tírígà náà yóò sì di òkú irin lábẹ́ ìka yín títí ẹ óò fi ṣe nǹkan mìíràn sí i. Àwọn mìíràn kò gbára lé ìtì, ṣùgbọ́n irin kéékèèké inú wọn pọ̀, bí ó bá sì bàjẹ́ ní Ìsánlú, ta ni yóò tún un ṣe? Nínú ìbọn onítírígà méjì, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní tírígà tirẹ̀, òòlù tirẹ̀, sípíríǹgì tirẹ̀. Ìbọn méjì ni, tí wọ́n fi igi kan ṣoṣo ṣe ìdí fún. Ọdún kan wà tí sípíríǹgì ọ̀tún ti bàbá mi kán nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òsì nìkan ni wọ́n fi ṣọdẹ títí òjò fi rọ̀, a sì jẹ ẹran.

Olùkọ́ Físíìsì · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún un, nítorí mo rí i pé 12 tó wà lábẹ́ ọ̀pá ń da àwọn kan láàmú. Kì í ṣe mìlímítà, kì í sì í ṣe íńṣì. Bí ẹ bá mú òjé tó wọn pọ́n-ùn kan, nǹkan bí gíráàmù 454, tí ẹ sì yọ́ ọ sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọta náà yóò ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò ọ̀pá ìwọ̀n 12, èyí tó tó 18.5 mm ní ìbú. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n 20 fi kéré sí ìwọ̀n 12: òjé kan náà ni wọ́n pín sí 20, ihò rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 15.6 mm lọ.

Ọ̀rọ̀ fífọ́n àti ṣíṣù náà ní òṣùwọ̀n. Àwọn oníbọn máa ń wọn nǹkan bí mítà 36, wọn á yìn ín sí páálí ńlá, wọn á fa òbìrí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76 yí ibi tí ọta pọ̀ sí jù, wọn á sì ka ihò. Kátíríìjì tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 32, tí ọta rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 6, ń gbé nǹkan bí 300 ẹyọ. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ kò fún rárá ń kó nǹkan bí 40 nínú 100 sínú òbìrí náà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fún pátápátá ń kó nǹkan bí 70. Ìyẹn jẹ́ 120 sí 210, láti inú páálí kan náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ní ìwé àṣẹ, gbà kí a dán tiwọn wò ní oko wọn lẹ́yìn Òkè-Onígbìn. Àpò sìmẹ́ǹtì tí a là sílẹ̀, tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ ara wọn, ni a gbé kọ́ ara òkìtì ńlá kan. Ti ọ̀tún rí bí ara ẹni tí ìgbóná bá jà: ihò ló kún gbogbo àpò náà, àmọ́ àlàfo wà láàárín wọn tí àparò lè gbà kọjá láìfarapa. Ti òsì ṣù tó bẹ́ẹ̀ tí àárín rẹ̀ fi ya bọ́ sílẹ̀. Ohun tí a kò retí ni pé ti òsì kò lọ sí ibi tí a wò. Ó yẹ̀ sí apá ọ̀tún pẹ̀lú nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń rò pé ojú wọn ni kò dára.

Atúnbọnṣe Ìlọrin · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Olùkọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìbọn, kì í ṣe ojú. Ọ̀pá méjèèjì kì í sùn ní ọgbọọgba gan-an; wọ́n máa ń fi díẹ̀ doríkọ ara wọn síhà ẹnu, kí ọta méjèèjì lè pàdé níbi tí a wò. Òjé àti táńganran tí wọ́n yọ́ ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín. Bí ó bá ti tú níbì kan, tàbí tí ẹnì kan ti gé ẹnu ọ̀pá náà kúrú nígbà kan, ìpàdé wọn ti bàjẹ́. Gígé kúrú sì ń gé fífún ẹnu rẹ̀ sọnù, nítorí orí ẹnu nìkan ni fífún náà wà. Ti tiyín ṣì ń ṣù, nítorí náà n kò rò pé wọ́n gé e.

Ọmọ Òmù-Àrán, kí ẹ tó gbé e wá, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yẹ ohun mẹ́ta wò. Ẹ tú ọ̀pá náà kúrò, kí ẹ fi ìka kan gbé e kọ́ níbi irin tó yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi egungun ìka kàn án. Bí ó bá dún bí agogo, ìsopọ̀ rẹ̀ le. Bí ó bá dún bí ìkòkò tó sán, ibì kan ti tú. Ẹ wo inú rẹ̀ láti ìhà méjèèjì sí ojú ọ̀run, kì í ṣe sí oòrùn: òjìji róbótó tó yí inú ọ̀pá ká bí òrùka túmọ̀ sí pé ó ti wú níbẹ̀ rí, irú ìyẹn kì í sì í ṣe ohun àmúṣeré. Lẹ́yìn náà ẹ tò ó pọ̀ láìfi igi abẹ́ rẹ̀ sí i, ẹ pa á dé, kí ẹ sì gbá ọ̀pá àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín lọ, kí ẹ mì ín bọ̀. Kò gbọ́dọ̀ mì. Bí ẹ bá gbé e kojú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ sì rí iná tó là láàárín ẹ̀yìn ọ̀pá àti irin tó fara tì, oríkèé rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ó ṣeé túnṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi òòlù ṣe.

Ẹ tún sọ fún mi: ṣé àwo irin pẹrẹsẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ igi méjèèjì, tó gùn lọ sẹ́yìn, àbí àpótí irin kékeré kan ni ó kó gbogbo rẹ̀ sínú?

Ọmọ Ọdẹ Òmù-Àrán · ọjọ́ Ọjọ́rú, 6:47 àárọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àpótí irin kékeré ni, kò sí òòlù kankan lóde. Ọ̀pá náà dún gooro, ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dákẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ mọ́, àyàfi àmì ìpata kéékèèké nínú ti òsì nítòsí ẹ̀yìn. Ní ti mímì, kò mì lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e kojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ kan tó tín-ínrín bí irun yọ ní ìhà ọ̀tún.

Mo tún fẹ́ béèrè: bọ́tìnnì ààbò tó wà lẹ́yìn ọwọ́ irin tí a fi ń ṣí i máa ń padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá ṣí ìbọn. Ṣé ó bàjẹ́ ni?

Atúnbọnṣe Ìlọrin · ọjọ́ Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, kí ó lè ti ara rẹ̀ pa bí ẹ bá ti ṣí i láti kó kátíríìjì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tẹ̀ ẹ́ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn alápòótí irú èyí, tírígà nìkan ni bọ́tìnnì náà ń dì mú. Òòlù inú rẹ̀ ṣì ká sẹ́yìn lórí irin kékeré kan tí kò tó èékánná ní fífẹ̀. Bí ìbọn bá já bọ́, irin yẹn lè yọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fo odò, tàbí tí ẹ fẹ́ gun igi, tàbí tí ẹ bá dé etí abúlé, ẹ là á, ẹ yọ kátíríìjì méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ìbọn alálà nìyẹn: ẹni tó wà ní ìṣísẹ̀ 20 sí yín yóò rí i kedere pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ inú àpótí yẹn, Anson àti Deeley ní Birmingham ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1875. Ṣíṣí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni ó ń ká òòlù sẹ́yìn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Yúróòpù yòókù sì wò ó ṣe, nítorí pé irin inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì le. Èyí tó ní àwo irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́wà jù ú lọ, àwọn olówó ni ó ń rà á. Fún ìgbẹ́ wa, alápòótí ni èmi yóò mú.

Agbẹjọ́rò Àjàṣẹ́-Ìpo · ọjọ́ Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Èkó sọ ọ̀rọ̀ títà, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnì kan fi òfin sí i. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gba ìwé àṣẹ fún lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu, bíi ṣakabùlà. Ìbọn kátíríìjì tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ki ara rẹ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kejì, níbi tí ìbọn ẹlẹ́nu méjì àlàyìn ti bàbá yín wà. Èyí tí ń ki ara rẹ̀, tàbí tí ó ní ohun tí a ń fà láti fi ki í, ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń ronú láti pààrọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí.

Ìwé àṣẹ kì í sì í bá ìbọn rìn bí ìwé ilẹ̀. Orúkọ bàbá ni ó wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ dá gbé e jáde, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tí kò ní àṣẹ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó di tiyín, àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹ óò kọ́kọ́ lọ, nígbà tí bàbá ṣì lè bá yín lọ.

Ará Ṣààrẹ́ · ọjọ́ Ọjọ́rú, 3:03 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n 20 tí Olùkọ́ sọ kún ohun tí ẹ óò sọ fún ọmọ yìí. Àbúrò bàbá mi ní ìbọn 12, ọ̀rẹ́ wọn ní ìbọn 20, wọ́n sì da kátíríìjì wọn pọ̀ sínú àpò kan lọ́nà oko. Kátíríìjì 20 wọ inú ọ̀pá 12, ó yọ̀ kọjá ilé rẹ̀, ó sì há síwájú níbi tí ọ̀pá ti fún. Wọ́n fa tírígà, kò dún. Wọ́n là á, wọ́n wò ó, ilé kátíríìjì ṣófo, wọ́n rò pé àwọn kò ki í ni. Wọ́n ki 12 tẹ̀ lé e. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ tó di abẹ́ ọ̀pá mú, ni ó bá a lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń pa ike kátíríìjì 20 láró bíi àwọ̀ ìyeyè nìyẹn, kí ojú lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ní òru, lábẹ́ iná ọdẹ, àwọ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ Ọ̀fà · ọjọ́ Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Ìyá Àdùkẹ́, mo gba ti sípíríǹgì. N kò gba ti ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo gba ti sípíríǹgì.

Ọmọ Ọdẹ Òmù-Àrán · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:36 ìrọ̀lẹ́

Èmi àti bàbá ti lọ, a sì ti dé. Atúnbọnṣe fi irin ìwọ̀n wo ilé kátíríìjì méjèèjì: 65 ni, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ gùn rí. Wọ́n fi òṣùwọ̀n mìíràn wo ẹnu rẹ̀, ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún rárá, òsì sì fún dé ìwọ̀n tó ga jù lọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá ti sọ láìlo irin kankan. Wọ́n tẹ bébà tín-ínrín sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ, wọ́n pa á dé, bébà náà sì yọ́ jáde ní ọ̀tún nígbà tí ti òsì há pátápátá. Wọ́n ní oríkèé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, pé àwọn yóò fi irin kún un, pé kò le. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá wọ́n ti yin kátíríìjì tó le jù níhà ọ̀tún rí. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọdún kan wà tí ti wọn tán, tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìdí ìbọn kúrú fún mi, àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan imú mi bí mo bá gbé e kan èjìká. Atúnbọnṣe ní kí a má tíì fi igi kún un níwọ̀n ìgbà tó ṣì jẹ́ ti bàbá. A óò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti béèrè ohun tó yẹ ní ti ìwé.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó pé a kò tà á mọ́, wọn kò sì bá mi jà. Ẹni tó ta páálí 70 fún wa gbà á padà, ṣùgbọ́n kò ní 65 nílẹ̀. Bàbá da ti wọn tó kù jáde láti inú agolo sórí ẹní, wọ́n tẹ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ti wú, wọ́n ya méjì sọ́tọ̀. Mọ́kànlá ni ó kù. Wọ́n ní ó tó fún ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀.